Bàtà Tí Kò Gbọdọ̀ Wuni

Ọjọ́ tí Dókítà Fúnmi kọ́kọ́ wá sí ìsọ̀ mi ní Ọ̀mù-Àrán, ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ wò kó tó kí mi. Mo ní nínú ara mi pé ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó dúró, ó ń wo àtàǹpàkò mi bí ẹni tó ń wo iṣu lọ́jà. Ìgbà tó wò ó tán ló wá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Iṣẹ́ mi ló fà á. Èékánná yín yẹn ti ń wọnú ẹran."

Mo ní, "Ta ló rán ẹ sí èékánná mi?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Bí a ṣe dọ̀rẹ́ nìyẹn.

N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàtà ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, bàtà kì í sì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èèyàn. N ò lọ sílé ìwé. Ọmọ ọmọ mi, Tèmítọ́pẹ́, ló ń bá mi kọ èyí. Òun ló ní kí n sọ ọ́, torí àwọn èèyàn ṣì ń béèrè pé kí ló dé tí èmi tí mo mọ bàtà ṣe tó báyìí fi ń ṣe bàtà tó burẹ́wà. Ó dáa. Màá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ṣáré ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Tápà kan tí a ń pè ní Bàbá Ndàkó. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti mọ ìlu, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a fi ń lu awọ kí abẹ́rẹ́ tó rí ọ̀nà gbà. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo ti mọ ẹsẹ̀ igi, èyí tí a gbẹ́ bí ẹsẹ̀ èèyàn, tí a ń na awọ sí lára kí bàtà tó lè rí bíi bàtà. Bàtà àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe, ẹsẹ̀ òsì méjì ni. Bàbá Ndàkó ò nà mí. Wọ́n gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀, wọ́n ní ẹni tó ni ín ń bọ̀, ó kàn ń rọra rìn ni. Ó wà níbẹ̀ títí mo fi gba òmìnira.

Nǹkan méjì ni wọ́n kọ́ mi tí n ò gbàgbé. Ìkíní ni pé bí oníbàárà bá dé, ká má wo ojú rẹ̀, ká má sì tíì wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà tó wọ̀ wá ni ká gbà, ká dojú rẹ̀ délẹ̀, ká wo abẹ́ rẹ̀. Abẹ́ bàtà ló máa sọ ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹni tó ń fì sápá kan, ẹni tó ń sáré kiri, àti ẹni tó kàn ń jókòó sílé. Wọ́n ní, "Ẹnu oníbàárà lè parọ́. Abẹ́ bàtà ò mọ irọ́ pa." Ìkejì ni pé bàtà tí àwọn èèyàn ò bá béèrè ẹni tó ṣe é, òkú ló ṣe é. Ìkejì yìí ló dùn mọ́ mi nínú jù. Mo ń ṣe bàtà tí àwọn èèyàn á máa béèrè mi.

Ẹ jẹ́ n padà sọ́dọ̀ Dókítà. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, tíṣà ni bàbá rẹ̀. Òkè òkun ló ti lọ kọ́ṣẹ́, ó wá padà wálé, ọsibítù kan fún un ní yàrá kan. Ẹsẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ṣóńṣó ọmọ ìka. Kì í tọ́jú ibà, kì í gbẹ̀bí. Dókítà Ẹlẹ́sẹ̀ ni àwọn èèyàn ń pè é.

Ọjọ́ tó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, Ìyá Sàlíù tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi ń gbọ́.

Ìyá Sàlíù ní, "Ọdún mélòó lo wá fi kọ́ ọ?"

"Ọdún mẹ́ta ni, Màmá."

"Ọdún mẹ́ta! Èékánná gígé! Àwọn màálámù tó ń lu sísọ́ọ̀sì kiri àdúgbò ńkọ́? Ọdún mélòó ni wọ́n fi kọ́ tiwọn?"

Dókítà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Màmá, iṣẹ́ wọn dáa. Èmi náà ń gé èékánná. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ìyókù fún yín."

Ó wá sọ ọ́. Ó ní egungun ni wọ́n kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Egungun tó wà nínú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ó ní ẹni tí kò bá rí i ò lè gbà pé wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Tíṣà wọn á kó egungun onírọ́bà sínú àpò dúdú, á ní kí wọ́n kiwọ́ bọ̀ ọ́, kí wọ́n dárúkọ èyí tí wọ́n bá dì mú láìwò ó. Lẹ́yìn egungun, ó kan ẹ̀jẹ̀: ibi tí ìka ọwọ́ ti lè gbọ́ bó ṣe ń lù kì, kì, kì lórí ẹsẹ̀, àti ohun tó túmọ̀ sí bí kò bá lù. Lẹ́yìn náà, ọ̀bẹ dídìmú, láti fá awọ líle kúrò ní gìgísẹ̀ láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ara wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ, akẹ́kọ̀ọ́ kan á na ẹsẹ̀ sí ìkejì. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan gé òun lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun sì san án padà fún un lọ́jọ́ kejì. Ìyá Sàlíù pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó kọ́ wọn bí a ti í wo èèyàn bó bá ń rìn, kí wọ́n tó wá jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ẹni tó ń ṣàìsàn.

Ohun tó bá wá sọ́dọ̀ mi ni pé ó ń wá aṣebàtà. Ó ní àwọn tí ṣúgà bá ti wà lára wọn pẹ́, ẹsẹ̀ wọn lè má mọ ìrora mọ́. Ìṣó á wọlé, wọn ò ní mọ̀. Bàtà á bó wọn, wọn ò ní mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n á mọ̀, egbò á ti jẹ jìnnà.

Ó ní, "Bàbá, ìrora ni olùṣọ́ ẹsẹ̀. Bí olùṣọ́ bá ti sùn, bàtà ló kù."

Ó sọ irú bàtà tó ń fẹ́. Kó fẹ̀ níwájú kí ìka rí àyè. Kó bo ẹsẹ̀ kí òkúta má wọlé. Kí abẹ́ inú rẹ̀ rọ̀. Kí ojú rírán kankan má sí nínú rẹ̀. Mo ṣe ti àkọ́kọ́, mo gbé e fún un. Ó kiwọ́ bọ inú rẹ̀, ó dijú, ó ń fọwọ́ wá a kiri. Ó ní, "Bàbá, nǹkan kan wà níbí." Kókó òwú kan ni, kò tó ẹyọ iyanrìn. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo tú u. Mo tún un ṣe, ó tún rí òmíràn. Nígbà tó yá, ó kiwọ́ bọ̀ ọ́, kò sọ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Mo wá ń ṣe é kó dára lójú. Mo ń kùn ún, mo ń dán an, mo ń fi ìlu lu òdòdó sí i lórí. Ó dé ibi pé ẹni tí kò ní ṣúgà ń wá rà á. Dókítà ní òun ò tíì rí bàtà aláìsàn tó rẹwà tó báyìí. Mo gbọ́, inú mi sì dùn.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ṣúgà yìí kan ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ràkẹ́ẹ̀lì ni orúkọ wọn, Ìyá Ìbejì ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Èsìé ni ilé ọkọ wọn. Àwọn ló pọ̀n mí dàgbà. Wọ́n ní oko kajú kan tí wọ́n fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ, bí kajú bá sì ti ń já bọ́, ẹ ò lè bá wọn nílé.

Lọ́jọ́ kan wọ́n ti oko dé, ọmọ wọn rí ẹ̀jẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ó tọ ẹ̀jẹ̀ náà láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí tí wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ. Igi ṣóńṣó kan ti gún wọn wọlé lábẹ́ àtàǹpàkò, ó ṣì wà níbẹ̀. Wọn ò mọ̀.

A gbé wọn wá sọ́dọ̀ Dókítà. Ó yọ igi náà, ó fọ ojú egbò, ó di báńdéèjì. Ó wá mú okùn kan jáde, tó tín-ínrín bí irun ìrù ẹṣin, ó ní, "Ìyá, ẹ dijú. Bí ẹ bá ti mọ okùn yìí lára ẹsẹ̀ yín, ẹ sọ fún mi."

Ẹ̀gbọ́n mi dijú. Dókítà fi okùn náà kàn wọ́n ní àtàǹpàkò, ní ọmọ ìka, ní àtẹ́lẹsẹ̀, ní gìgísẹ̀. Ó ṣe ẹsẹ̀ kan, ó ṣe ìkejì.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọmọ mi, mo mà ti dijú tipẹ́ o. Ìgbà wo lo fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

Dókítà ti ká okùn rẹ̀ sápò.

Wọ́n lajú, wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo ojú Dókítà. Wọ́n ní, "Ó ti ṣe é tán, àbí?"

Mo ní, "Ó ti ṣe é tán."

Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní, "Èmi náà ti di ère nìyẹn." Àwọn ère òkúta tó wà nílùú wọn ni wọ́n ń wí, tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, tí kò sí ohun tó ń dùn wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹ̀rín rín.

Mo padà sí ìsọ̀, mo ṣe bàtà fún wọn. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe bàtà, n ò ṣe irú rẹ̀ rí. Awọ pupa ni mo lò. Mo lu òdòdó sí i láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ọwọ́ méjèèjì ni ẹ̀gbọ́n mi fi gbà á.

"Jósẹ́ẹ̀fù, èmi lo ṣe èyí fún?"

"Ẹ̀yin ni."

Wọ́n jó yí ká yàrá, báńdéèjì lẹ́sẹ̀.

Egbò náà jiná. Ó tún padà, ojú kan náà. Dókítà bi wọ́n, "Ìyá, ṣé ẹ ń wọ bàtà yín?"

"Mò ń wọ̀ ọ́, ọmọ mi. Gbogbo ayé ló ń yìn ín."

Ó tún tọ́jú wọn, ó tún jiná, ó tún padà. Èyí tó padà yìí jinlẹ̀. Dókítà pè mí síta.

Ó ní, "Bàbá, n ò ní tàn yín. Bó bá dé egungun, Ìlọrin ni wọ́n máa gbé wọn lọ. Àtàǹpàkò yẹn á lọ. Nígbà mìíràn, kì í dúró lórí àtàǹpàkò."

Mo gun ọ̀kadà padà sílé. Ohun tí mo ń rò ni n ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń rò pé bàtà mi ló ń jẹ wọ́n. Bóyá kókó òwú kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ èmi àti ọwọ́ Dókítà ò rí. Mo kó gbogbo bàtà tó wà nínú ìsọ̀ sílẹ̀, mo ń kiwọ́ bọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó pọ̀n mí, bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi ló máa gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kí ni mo tún jókòó ti ìlu fún? Mo ti pinnu pé bí wọ́n bá fi lè gé ìka yẹn, èmi náà á gbé irinṣẹ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Dókítà tún ní kí wọ́n wá, mo lọ mú wọn ní Èsìé fúnra mi. Mo ní kí wọ́n gbé bàtà náà dání. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n gbé e jáde. Inú náílọ́ọ̀nù ló wà, wọ́n so ó lẹ́nu.

Dókítà tú náílọ́ọ̀nù. Ó kiwọ́ bọ bàtà, kò rí nǹkan kan. Ó wá dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Bàbá, ẹ wá wo."

Mo wò ó. Abẹ́ bàtà náà mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Eruku pupa díẹ̀ ló wà létí rẹ̀. Ó dà bíi pé mo gbọ́ ohùn Bàbá Ndàkó láti Ṣáré.

Mo ní, "Ta ló kọ́ ẹ láti máa yí i wò?"

Ó ní, "Wọ́n kọ́ wa níléèwé, Bàbá. Wọ́n ní ká wo abẹ́ bàtà ká tó wo ẹsẹ̀."

Ẹ̀kọ́ kan náà, òkè òkun àti Ṣáré. Àwa méjèèjì la mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó ṣe é nínú wa. Òdòdó tó wà lórí bàtà ni gbogbo wa ń wò.

Dókítà yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ìyá, ẹ ní ẹ ń wọ bàtà yìí."

"Mo mà ń wọ̀ ọ́! Ọjọ́ wo ni n kì í wọ̀ ọ́? Gbogbo Sọ́ńdè ni."

"Ọjọ́ tí kì í ṣe Sọ́ńdè ńkọ́?"

"Bí òkú bá wà. Bí ìgbéyàwó bá wà."

"Tẹ́ ẹ bá ń lọ sóko ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó bíi pé orí rẹ̀ ti yí. "Oko kajú? Kí n wọ èyí lọ sóko kajú? Bàtà tí àbúrò mi fi ọwọ́ rẹ̀ lu òdòdó sí? Ẹ̀yin ọmọ yìí mà lè fi nǹkan ṣòfò o. Ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, mo ń gbé e dání ni. Bí mo bá dé ẹnu géètì, màá nu ẹsẹ̀, màá wá wọ̀ ọ́."

Dókítà fọwọ́ bojú. Mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ló ń rín. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo gbogbo wa, wọ́n ní, "Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?"

Èmi jókòó. Kì í ṣe bàtà ló ń jẹ wọ́n. Bàtà ò tíì débẹ̀ rárá ni.

Nígbà tí ẹ̀rín lọ sílẹ̀, Dókítà ní, "Bàbá, ṣé ẹ lè ṣe èyí tí kò ní wù wọ́n?"

N ò gbọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. N ò rò pé aṣebàtà kankan ti gbọ́ ọ rí.

Mo ṣe ọ̀kan. Mo yọ òdòdó kúrò, n ò kùn ún, n ò dán an. Mo gbé e lọ sí Èsìé. Ẹ̀gbọ́n mi yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ní, "Èyí dáa fún ìpàdé àwọn ìyá." Ojú mi níbẹ̀ ni wọ́n ṣe wá náílọ́ọ̀nù wá.

Mo gbé e padà. Mo wá táyà ọkọ̀ tó ti gbó, mo gé e ní wọ́gọwọ̀gọ fún abẹ́. Mo gba tapólì tí wọ́n fi ń bo lọ́rí, mo fi ṣe ara rẹ̀. Ìdè kan dúdú, ìkejì láti ara ṣòkòtò jíǹsì. Mo rán an ní gbangba, ojú rírán ńlá ńlá bí eyín àgbàlagbà. Inú rẹ̀ nìkan ni mo fi gbogbo ọgbọ́n mi sí: awọ ewúrẹ́ tó rọ̀ jù, fóòmù méjì lórí ara wọn, kókó kan ò sí. Iṣẹ́ náà le. Bí mo bá rán ojú ìta wọ́, ìka mi á fẹ́ tú u tún un rán, màá gbá a lọ́wọ́.

Ìyá Sàlíù ń kọjá. "Bàbá, ṣé ojú ń dùn yín ni?"

"Ojú mi dáa."

"Kí wá lẹ ń rán yìí?"

"Bàtà."

"Ta ló ṣẹ̀ yín?"

Ó lọ sọ kiri pé nǹkan ń ṣe mí. Ó di ìrọ̀lẹ́, Pásítọ̀ wá gbàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín.

Ẹ̀gbọ́n mi rí bàtà náà, wọ́n káwọ́ lérí. "Jósẹ́ẹ̀fù, kí ni mo fi ṣe ọ́? Ṣé torí pé mo lù ọ́ ní kékeré ni?"

"Ẹ wọ̀ ọ́."

"Kí àwọn ará Èsìé lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Oko ni ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ. Kajú ò lójú."

Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n ń kùn. Wọ́n rìn dé ìdí ìkòkò omi, wọ́n rìn padà. Wọ́n ní, "Ṣé nǹkan yìí lè bàjẹ́?"

"Ó ti bàjẹ́ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n ní, "A jẹ́ pé mo lè wọ̀ ọ́ dé inú ẹrẹ̀ nìyẹn."

Wọ́n wọ̀ ọ́ dé inú ẹrẹ̀. Wọ́n wọ̀ ọ́ lọ sóko, sí ìdí ààrò, sí ẹ̀yìnkùlé. Dókítà ní kí ọmọ wọn máa kiwọ́ bọ̀ ọ́ láràárọ̀ kó wò ó bóyá òkúta wà níbẹ̀, kó sì máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ní gbogbo alẹ́. Ó ń ṣe é.

Nígbà tí a tún lọ, Dókítà tú báńdéèjì. Ó tẹ ojú egbò náà, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ojú lásán wò ó. Ó ní, "Ó ti jiná, Ìyá. Egungun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo sọ fún yín pé Ọlọ́run mi ò sùn." Wọ́n yíjú sí mi. "Kí lo ń wo ilẹ̀ sí?"

Mo ní kí n gba atẹ́gùn. Mo jáde, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, mo mí kanlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti mí bẹ́ẹ̀.

Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ò mọ okùn Dókítà títí dòní. Dókítà ti sọ pé kò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìka wọn pé. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ṣúgà ń wá láti Àràndùn, láti Bàbáńlá, bàtà burúkú ni wọ́n ń béèrè, orúkọ tí wọ́n fún un nìyẹn. Ojú mi ti ń ṣú, àwọn ọmọṣẹ́ mi ló ń rán an báyìí. Èyí tó máa ń le fún wọn jù ni láti fi ìta rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí. Ọmọ tó bá ti mọṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ò lè gbà á. Mo máa ń sọ fún wọn pé inú ni kí wọ́n ti gbéraga.

Ní àìpẹ́ yìí, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi. N ò tíì rí wọn tí mo ti ń gbọ́ táyà yẹn lẹ́yìnkùlé, gbì, gbì, gbì. Wọ́n bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé. Mo gbé e, mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹrẹ̀, oje kajú, ìgbẹ́ adìyẹ. Lábẹ́ ìyẹn, táyà náà ti jẹ, ó fẹ́ẹ̀ dé inú. Bàtà mi ti gbó. Inú mi dùn bíi ti ẹni tó gba ẹ̀bùn.

Mo ní, "Màá gbé e lọ, màá pààrọ̀ abẹ́ rẹ̀."

Wọ́n ní, "Tètè gbé e dé o. Kajú ti ń já." Mo ti dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n tún fi pè mí padà. "Jósẹ́ẹ̀fù! Má lọ ṣe é kó wá dára o."